Èsì fún Ìyá Ìbejì: orúkọ ẹni tó ta ọlọ́pàá lólobó nínú fáìlì kóòtù Ìkòròdú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú o. Mo ka ohun tí ẹ kọ. Àbúrò ọkọ yín ta ọlọ́pàá lólobó nípa ilé kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń kó ìbọn sí, ní àdúgbò kan ní Ìkòròdú tí n kò ní tún dárúkọ. Wọ́n kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn náà, májísírétì ní kí wọ́n wà lẹ́wọ̀n títí ìmọ̀ràn DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pinnu bóyá ẹjọ́ wà ńlẹ̀, yóò fi dé láti Àláúsá, ibùjókòó ìjọba Èkó. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè ní kí wọ́n yọ orúkọ àbúrò ọkọ yín kúrò nínú fáìlì kóòtù.

Ṣé ó fọwọ́ sí státímẹ́ǹtì? Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi í nìyẹn, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún lọ́yà. Ẹni tó ta ọlọ́pàá lólobó lásán yàtọ̀ sí ẹlẹ́rìí. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè fipá mú ọlọ́pàá sọ ibi tó ti gbọ́ pé wọ́n dá ọ̀ràn. Lọ́yà àwọn tí wọ́n mú lè béèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọlọ́pàá lè máa wò ó níran. Àmọ́ bí IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, bá ti fún àbúrò ọkọ yín ní bírò àti fọ́ọ̀mù, tó kọ ọ́, tó sì fọwọ́ sí i, ó ti di ẹlẹ́rìí nìyẹn. Wọn kì í sì í sọ fún èèyàn. Wọ́n á ní, "Kọ ohun tí o rí, fáìlì lásán la fẹ́ fi í sí." Fáìlì lásán! Orí fọ́ọ̀mù yẹn ń béèrè orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù, gbogbo rẹ̀ ló sì máa bá fáìlì rìn.

Ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀ bó ṣe ń rìn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ń bí mi nínú jù. Ẹ̀dà fáìlì ọlọ́pàá á lọ sọ́dọ̀ DPP ní Àláúsá. Bí wọ́n bá rí i pé ẹjọ́ wà ńlẹ̀, wọ́n á kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé ẹjọ́ gíga, wọ́n á so àkójọ ẹ̀rí mọ́ ọn lẹ́yìn: orúkọ gbogbo ẹlẹ́rìí àti státímẹ́ǹtì wọn lódindi, bí wọ́n ṣe fọwọ́ kọ ọ́, àdírẹ́sì ńkọ́, ó wà níbẹ̀. Olùjẹ́jọ́ kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, torí abala 36 nínú Ìwé Òfin 1999 sọ pé kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn rí ohun tó máa fi gbèjà ara rẹ̀, kó sì lè bi àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba léèrè. Bí olùjẹ́jọ́ bá jẹ́ márùn-ún, ẹ̀dà márùn-ún ló máa wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Òmíràn wà lọ́wọ́ lọ́yà, òmíràn wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó ń sanwó lọ́yà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan ti fi fóònù ya ojú ìwé náà, ó ti dé orí WhatsApp àdúgbò. Kò sí àṣẹ adájọ́ tó lè kó ìyẹn padà. Òfin Èkó ti 2021 sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lé ẹgbẹ́ òkùnkùn, ẹni tó ń wo ọdún 21 níwájú kì í fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ṣeré. Nítorí náà fáìlì tó wà ní kóòtù Ìkòròdú kọ́ ló yẹ kó gba oorun lójú yín báyìí, èyí tó wà ní Àláúsá ni.

Kí lọ́yà kọ̀wé sí DPP kí ìmọ̀ràn tó jáde, nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Kó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ẹjọ́ lè dúró láìsí ẹ̀rí àbúrò ọkọ yín. Bí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ wọn nínú ilé, ọlọ́pàá tó wọlé àti ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ẹ̀rí ní tésàn lè jẹ́rìí, ẹni tó júwe ilé kò pọn dandan. Bí wọ́n bá ní dandan ni, kí wọ́n fi ábídí rọ́pò orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀dà tí wọ́n máa fún àwọn olùjẹ́jọ́, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ adájọ́. Kì í ṣe ohun àjèjì: ní ẹjọ́ Nnamdi Kanu ní Àbújá ní 2025, ẹlẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ DSS, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, jẹ́rìí lẹ́yìn ìbòjú, "PWAAA" ni wọ́n ń pè é.

Ẹ ka inú státímẹ́ǹtì náà o, ẹ má wo orúkọ nìkan. Bó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "mo ń ta gáàsì ní òdìkejì ilé náà," kí lẹ ń pa orúkọ rẹ́ fún?

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ábídí bo òun nìkan. Àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Amẹ́ríkà rí i pé bí ìwé kan ṣoṣo bá wà ní dídì nínú fáìlì, kí ará ìta má lè kà á, dídì yẹn gan-an ló ń tọ́ka sí ẹni tó tú àṣírí fún ìjọba. Wọ́n wá ń so àfikún dídì mọ́ ìwé gbogbo ẹni tó bá gbà pé òun jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ pé ó tú àṣírí ì báà wà nínú rẹ̀, ì báà má sí. Gbogbo ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ọlọ́pàá ni kí ẹ tọrọ ábídí fún.

Bí wọ́n bá ti fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀, mótíọ̀nù, ìwé ẹ̀bẹ̀ sí adájọ́, ló kù, pẹ̀lú àfídáfítì, ìwé ìbúra tó ń tì í lẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ìwé tí ẹ fi ń tọrọ ìbòjú gan-an ló máa ń tú àṣírí, torí lọ́yà tí kò ronú á ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ búra, á kọ orúkọ àti àdúgbò síbẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí lọ́yà kejì. IPO tàbí akọ̀wé lọ́yà ni kó búra. Ohun mìíràn: abala 232 tó dá lórí bíbo ẹlẹ́rìí, nínú ACJA 2015, òfin bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ni ọ̀pọ̀ lọ́yà ń dà kọ, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá ni òfin yẹn wà fún. Èkó ní tirẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021. Ohun tó kan gbogbo kóòtù ni abala 36 yẹn kan náà, tó jẹ́ kí adájọ́ lè lé èrò jáde nítorí ààbò ìlú, tàbí bí gbígbọ́ ọ ní gbangba bá máa ba ìdájọ́ jẹ́.

Adájọ́ kì í tètè gbà, n kò sì dá a lẹ́bi. Ní Ìkòròdú wa yìí, ìjà ilẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí èèyàn lọ pe aládùúgbò rẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Àwọn ọlọ́pàá mìíràn sì ń fi "a gba ìròyìn" bo mímú tí kò nídìí. Bí gbogbo ẹjọ́ bá di abẹ́ aṣọ, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Nítorí náà, ìhàlẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kó lọ: ọjọ́ tí wọ́n wá, ohun tí wọ́n sọ, àwòrán ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. "Ẹ̀rù ń bà á" nìkan kò tó.

Ẹ má fún akọ̀wé kóòtù lówó láti fa ojú ìwé ya. Ọ̀ràn ni, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbi mẹ́rin mìíràn.

Lọ́jọ́ tó bá máa jẹ́rìí, bó bá dé bẹ̀, kí wọ́n má gbé e wá nínú ọkọ̀ IPO, kó má sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹbí olùjẹ́jọ́. Lẹ́yìn ìbúra ni wọ́n máa ń béèrè orúkọ, ibùgbé àti iṣẹ́ lóhùn rara. Ṣe ni kí agbẹjọ́rò ìjọba kọ ọ́ sínú pépà fún adájọ́ ṣáájú. Kí àṣẹ adájọ́ sì dárúkọ ẹ̀dà tí kóòtù ń fọwọ́ sí fún ẹni tó bá sanwó, àti ìwé tí wọ́n ń kó lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, nítorí bí kò bá dárúkọ wọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ jáde bó ṣe wà.

Ẹ dá mi lóhùn lórí státímẹ́ǹtì yẹn: ṣé ó fọwọ́ sí i, àbí ó kàn pè wọ́n lórí fóònù? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ àdúgbò àti iṣẹ́ tó ń ṣe kúrò nínú ohun tí ẹ kọ lókè yìí, kí ẹ sì pààrọ̀ fọ́tò tí ẹ fi ń kọ̀wé. Àwòrán ẹ̀yin àti òun níbi ìkómọ ni.