Ère tó wà lọ́rùn ọ̀rẹ́ mi

Lẹ́tà: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Manchester. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Tàílándì, tí wọ́n bí sínú ẹ̀sìn Búdà, gba Jésù ní ìjọ àwa akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn aṣáájú wa ní kó sun ère Búdà kékeré tí ìyá àgbà rẹ̀ fi sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra. Ìyá rẹ̀ ń sunkún lórí fóònù pé ta ni yóò wá wọ aṣọ fún òun. Ṣé kí n ní kó má gbé ìpè rẹ̀ mọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ó dára tí o kọ̀wé kí ẹ tó dáná. Ọ̀rọ̀ aṣọ tí ìyá náà sọ ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ó jọ pé ohun tó ń pa á lẹ́kún kò tíì yé yín. Ní Tàílándì, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ni í fá orí kodoro, tí wọ́n á wọ aṣọ àwọ̀ ìyeyè ti àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ń gbé inú tẹ́ḿpìlì nítorí ẹ̀sìn Búdà, tí wọ́n á sì gbé inú tẹ́ḿpìlì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí fún oṣù mẹ́ta ìgbà òjò, kí èrè iṣẹ́ rere náà lè jẹ́ ti àwọn òbí wọn. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé ìṣẹ́tí aṣọ ọmọ ni ìyá yóò dì mú dé ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ náà kì í fi obìnrin jẹ mọ́ńkì. Lójú ìyá yìí, aṣọ tí ì bá dì mú ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ yẹn.

Nítorí náà, kó máa gbé ìpè ìyá rẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé bá sì ti lọ fún ìsinmi, kí òun fúnra rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀, kó sọ fún un láìfi bò pé òun kò ní lè wọ aṣọ náà. Yóò dùn ún. Kó má bá a jiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìsìn lọ́jọ́ náà.

Ní ti iná, mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa kó òògùn àti ère wọn jáde fún iná nígbà ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, àwọn ará Éfésù náà sì sun ìwé idán wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín ló fọwọ́ ara wọn gbé e wá. Bí kò bá fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́, kó dá a padà fún ìyá àgbà tó fún un, kó sì dúpẹ́. Kí àwọn aṣáájú yín tún ka ìtàn Náámánì nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 5: ó bẹ̀bẹ̀ ṣáájú nítorí ìgbà tí òun yóò tẹrí ba pẹ̀lú ọ̀gá òun nínú ilé Rímónì, òrìṣà àwọn ará Síríà, Èlíṣà kò sì bá a jà, àlàáfíà ló ní kó máa lọ.

Bó bá wà nílé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, tí Songkran, ọdún tuntun àwọn ará Tàílándì, máa ń bẹ̀rẹ̀, kó bu omi olóòórùn dídùn sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ bí àwọn ọmọ yòókù. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, bí ìdọ̀bálẹ̀ tiwa. Ẹ má ṣe sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.