Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi tó ti jáàmù: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páìpù tẹ̀ ẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 tí bàbá yín fi sílẹ̀ ti wà nínú sítọ́ọ̀ l'Ákùúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó ti jáàmù, ẹ wá ń béèrè bóyá díísẹ̀lì nìkan tó láti tú u, àti ọjọ́ mélòó ló máa gbà. Ojú mi rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tíì fọwọ́ kàn án.

Ẹ yọ gíà rẹ̀ sí níútírà, kí ẹ rọra fa okùn tí a fi ń tan án wò. Tó bá yí ní níútírà, àmọ́ tí kò yí nígbà tí ẹ bá ki gíà bọ̀ ọ́, ìsàlẹ̀ níbi gíà ló ti mú. Tí kò bá yí rárá, ó ṣeé ṣe jù pé orí, níbi tí sìlíńdà wà, ló ti mú. Ẹ tú gbogbo púlọ́ọ̀gì. Ìyẹn ò le.

Èmi ń kó èrò àti ẹrù láti Igbókọ̀dá lọ sí Ayétòrò. Ìyá mi wá ṣàìsàn, mo gbé wọn wá sí Àkúrẹ́, mo sì jókòó tì wọ́n fún ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Mi ò fi omi kànga fọ inú ẹ́ńjìnnì kí n tó lọ, omi oníyọ̀ tó kù nínú rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ibi náà. Irin ni ara sìlíńdà. Ìpẹtà ló lẹ ríìngì piston, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sìlíńdà, mọ́ ọn. Nígbà tí mo padà dé, mo fa okùn, okùn ò mì.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tó fi ìwé-ẹ̀rí kọ́ ara ògiri. Kò tú púlọ́ọ̀gì, kò da ọ́ìlì. Ó ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó pe ọmọ iṣẹ́ méjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ "kà!" Ó yí o, wọ́n sì ń pariwo ayọ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣí orí rẹ̀, ẹsẹ̀ piston kan ti ya. Ó fi èyí tó já lé mi lọ́wọ́: ẹ̀gbẹ́ kan ń dán bí owó ẹyọ tuntun, ẹ̀gbẹ́ kejì pọ́n bí erùpẹ̀ ọ̀nà. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ti gbó tẹ́lẹ̀ ni." Ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé.

Mo lọ sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ní àwọn ń ran àwa ọlọ́kọ̀ omi lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù, fọ́tò, ẹ padà wá ní Ọjọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko! Ẹni tó dá mi lóhùn níkẹyìn ní kí n lọ ra tuntun, bẹ́ẹ̀ kò fojú kan ẹ́ńjìnnì náà rí. Ẹni tí kò bá tú púlọ́ọ̀gì wò, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Àgbà kan ní Igbókọ̀dá ló kọ́ mi, lórí tòkúńbọ̀ kan tó ti jáàmù tí mo rà lówó pọ́ọ́kú. Tí ẹ́ńjìnnì bá dúró bó ṣe ń dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ńṣe ni sìlíńdà inú rẹ̀ sùn gbalaja. Ọ́ìlì tí ẹ bá dà sí i á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan, òkè á gbẹ. Ẹ jẹ́ kí omi inú rẹ̀ ro tán, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sórí táyà àlòkù, kí ihò púlọ́ọ̀gì kọjú sókè, kí orí rẹ̀ ga díẹ̀ ju ìdí lọ. Díísẹ̀lì nìkan fúyẹ́ jù, kì í pẹ́ jò lọ. Èmi pò ó mọ́ ATF, ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí gíà ọ̀tọmátíìkì, ìdajì sí ìdajì, mo sì ń fi kún un láràárọ̀. Ẹ má fi iná yá a o! Pẹtiróòlù lè ṣì wà nínú kábú.

Lójoojúmọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí flywheel, irin róbótó tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì, mú, kí ẹ máa mì í síwá sẹ́yìn. Tí ẹ bá fẹ́ lo sípánà, kó kéré, kí ẹ fi sí ọ̀nà tí nọ́ọ̀tù fi ń le. Òdìkejì á tú nọ́ọ̀tù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó mì lábẹ́ ọwọ́ mi bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Mi ò kánjú. Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó yí odindi.

Tó bá ti yí, ẹ máa yí i láìfi púlọ́ọ̀gì sí i kí ọ́ìlì tú jáde, ẹ má gbé ojú sí ihò náà. Ẹ fọ kábú, ẹ ra púlọ́ọ̀gì tuntun àti impeller tuntun, rọ́bà tó ń fa omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Inú dúrọ́ọ̀mù omi ni kí ẹ ti tan án, ẹ má tan án ní gbígbẹ láé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lítà ọ́ìlì kan sí 25 lítà pẹtiróòlù ni mo lò dípò 50. Ẹ tú ọ́ìlì gíà ìsàlẹ̀ wò pẹ̀lú: tó bá funfun bí ọ̀gì, omi ti wọ̀ ọ́.

Ẹ má sì gbé e fún ẹni tó ń tún Camry ṣe l'Ákùúrẹ́ o. Ẹ gbé e lọ sí Igbókọ̀dá.

Tí ẹ bá ti tú púlọ́ọ̀gì, ẹ sọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí fún mi. Tó bá dúdú tó sì ní ọ́ìlì lára, ó ṣeé ṣe kó yá ju tèmi lọ. Tó bá pọ́n pẹ̀lú ìpẹtà, ẹ ra ATF tó pọ̀, nítorí ó lè ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ.