Ẹ wo ẹyinjú Màmá kí ẹ tó gba nọ́ńbà CA 19-9 gbọ́

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀yin tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ Màmá yín ní Òṣogbo. Mo ka ìbéèrè yín lálẹ́ àná, mi ò sì rí oorun sùn mọ́. Ẹ ní jẹjẹrẹ pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ni wọ́n rí lára wọn, àbúrò yín ya èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní fọ́tò ránṣẹ́, CA 19-9 wọn, ohun inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń tọpa jẹjẹrẹ yìí, lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ wá fẹ́ mọ oṣù tó kù fún wọn, àti bóyá kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ sílé kíákíá tàbí kí ẹ fi owó náà ṣe ìtọ́jú.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn: ṣé ibà pọ́njú, èyí tó ń sọ ẹyinjú di yẹ́lò, wà lára Màmá lọ́jọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yẹn?

Bàbá mi ni mo fi mọ̀ ọ́n. Oṣù kẹjọ ni, ọ̀sẹ̀ tí ọdún Ọ̀ṣun gbóná, tí èrò kún gbogbo ìgboro. Ẹyinjú wọn pọ́n bí ìgbà tí wọ́n bu epo sí i, ìtọ̀ wọn dúdú bí tíì tí a gbàgbé sórí iná, ìgbẹ́ wọn wá funfun bí ẹfun. Ara ń yún wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dìde lóru lọ fi ẹ̀yìn ha férémù ilẹ̀kùn. Wọ́n ya scan, wọ́n rí kókó kan ní orí pancreas. Kí n tó mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti mú wọn lọ gba ẹ̀jẹ̀. Èsì jáde: 3,180. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò yẹ kó ju 37 lọ. Àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n mi bo déètì nínú fọ́tò náà, mi ò tiẹ̀ bìkítà. Mo kàn ń wo 3,180 àti 37.

Mo wá a lórí Google, mo rí i pé bó bá ṣe ga tó ni ẹ̀mí máa ń kúrú tó. Mo bú sẹ́kún níbi iṣẹ́. Owó tí a ti tù jọ fún ìtọ́jú wọn ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lóṣù kẹjọ. Nígbà tí mo fi máa dé ilé, àwọn àgbà ti jókòó. Ẹ mọ àwọn àbúrò bàbá wa. Wọ́n ní nọ́ńbà ti sọ̀rọ̀, ká jẹ́ kí Bàbá sinmi nílé, ká má fi abẹ́rẹ́ dá wọn lóró mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti ń béèrè iye owó àpótí òkú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi jókòó tí ojú Bàbá túbọ̀ ń pọ́n.

Dókítà kan ní Ìbàdàn ló là wá lójú. Ó wo ìwé, ó wo ojú Bàbá, ó ní: "Ta ló ní kí ẹ gba èyí nígbà tí ojú ṣì rí báyìí?" Ó ṣàlàyé pé kókó yẹn ló dí ọ̀nà tí òróòro ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun. Òróòro náà ló ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ tó sọ ojú di pípọ́n, ọ̀nà òróòro yẹn kan náà ni CA 19-9 sì ń bá jáde lára. Tí ọ̀nà bá dí, á máa gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Kódà ẹni tí òkúta lásán dí ọ̀nà òróòro rẹ̀, tí kò ní jẹjẹrẹ rárá, CA 19-9 rẹ̀ lè fò sókè. Nítorí náà, nọ́ńbà tí wọ́n gbà nígbà ibà pọ́njú kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ẹ̀mí ṣe máa gùn tó. Wọ́n á kọ́kọ́ la ọ̀nà náà, bilirubin, ohun inú òróòro tó ń sọ ojú di pípọ́n, á padà sípò, kí wọ́n tó tún un gbà.

A gbé Bàbá lọ sí Èkó, wọ́n ki ọ̀pá kékeré sínú ọ̀nà òróòro náà. Ìdajì pulọ́ọ̀tì wọn ní Òfàtẹ̀dó la tà fún un, a sì tà á lọ́pọ̀ nítorí pé ojú ń kán wa. Owó tíkẹ́ẹ̀tì mi ì bá ti ṣe iṣẹ́ yẹn láìta ilẹ̀. Títí dòní, ó ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ojú ti mọ́, ìyún ti lọ, a padà sí ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́. 412. Bàbá kan náà, kókó kan náà.

Mi ò sọ pé 412 dára o. Àìsàn burúkú ni, èmi náà ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 412 tó sì ń jẹun, tó ń rìn lọ sí mọ́sálásí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí 3,180 gbé e sùn sílé.

Ohun tí dókítà náà tún fi ìka tọ́ka sí lórí ìwé ni albumin, purotéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ti Bàbá jẹ́ 29, ó yẹ kó tó 35 ó kéré tán. Ó ní kí n jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà mí díẹ̀, kí a sì tètè wá nǹkan ṣe sí oúnjẹ wọn. Ó tún wo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbogboogbò tí kò wọ́n, ó fi iye lymphocyte pín iye neutrophil, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni méjèèjì. Tí ohun tó jáde bá ga, kì í ṣe àmì rere. Ó ní gbogbo wọn ni wọ́n ń kó pọ̀, pẹ̀lú ohun tí scan fi hàn àti bí ara aláìsàn ṣe lágbára tó, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ka oṣù fún ẹnì kan. Ó tún sọ ọ̀kan tó yà mí lẹ́nu: àwọn kan wà tí ara wọn kì í pèsè CA 19-9 rárá láti ilẹ̀ wá, wọ́n sì pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Ti irú wọn lè wà nílẹ̀ kí jẹjẹrẹ sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí tirẹ̀ kéré náà má yọ̀ jù.

Ibi tí CA 19-9 ti wúlò fún wa jù ni ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kímò, oògùn jẹjẹrẹ. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀ tàbí bó ṣe ń gòkè ni wọ́n ń wò. Ti Bàbá sọ̀ dé 140. Ẹ̀gbọ́n mi wá lọ sí ilé àyẹ̀wò mìíràn nítorí pé ó súnmọ́ ilé, wọ́n kọ 720 fún un. Ilé tún dàrú. A tún un gbà níbi ti tẹ́lẹ̀: 151. Ẹ̀rọ wọn kò bára mu ni. Ibì kan náà ni kí ẹ máa lò, ẹ sì bi wọ́n bóyá àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é tàbí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó.

Fáìlì tún jẹ́ ogun mìíràn. Ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ní fáìlì Bàbá sọnù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀gbọ́n mi lọ: ọ̀gá ti lọ jẹun, ọ̀gá wà ní ìpàdé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò wá. Bẹ́ẹ̀ "Alhaji" ni wọ́n kọ bí ẹni pé orúkọ ni, abẹ́ A ni fáìlì wà látọjọ́ yìí. Inú bí mi débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Kí àbúrò yín wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ Màmá sórí káàdì, kó sì ya gbogbo ojú ìwé ní fọ́tò. Kí Màmá fọwọ́ sí ìwé kan pé àbúrò yín lè gba èsì àwọn, torí wọn ò ní dá ẹ̀yin lóhùn lórí fóònù. 

Bàbá lo ọdún kan àti oṣù márùn-ún lẹ́yìn 3,180 yẹn. Wọ́n jókòó níbi ìgbéyàwó àbúrò mi ní Òkè-Fìà, wọ́n jẹ àmàlà, wọ́n sì bá àbúrò wọn tó ń béèrè iye àpótí wí lójú gbogbo wa.

Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ dáwọ́ dúró lórí rẹ̀ di ọjọ́ méjì. Kí àbúrò yín mú Màmá jáde síta ní àárọ̀ ọ̀la, kì í ṣe lábẹ́ iná inú ilé, kó rọra fa ìpéǹpéjú wọn sísàlẹ̀, kó ya ẹyinjú náà ní fọ́tò fún yín. Kó tún ya ìwé èsì náà, kí ìka rẹ̀ má bo déètì.