Fọ́láńtíà ni mí lórí ámbúláǹsì: tí mo bá ṣèṣe, ta ló máa dá mi lóhùn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Virginia ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) ni mí nílé àwọn arúgbó kan. Mo ṣe EMT, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, mo sì ti wọ rescue squad, ẹgbẹ́ tó ń fi ámbúláǹsì gba ẹ̀mí là ní àdúgbò wa láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Wọn ò san owó oṣù fún wa, dọ́là 10 ni wọ́n ń fún wa lórí call (ìpè pàjáwìrì) kọ̀ọ̀kan tá a bá jáde. Ọkọ mi ní tí mo bá farapa kò sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn, tí aláìsàn bá sì kú lọ́wọ́ mi wọ́n á gba ilé lọ́wọ́ wa. Wọ́n tún ti ní kí n máa wa ọkọ̀ náà báyìí. Ṣé òṣìṣẹ́ ni mí ni àbí fọ́láńtíà lásán?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú làálàá. Bá mi kí ọkọ ẹ, ohun tó ń bà á lẹ́rù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo rárá. Ohun tó ń dà á rú mọ́ yín lójú ni pé òfin ò fún ẹ ní orúkọ kan ṣoṣo. Tó bá di ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, fọ́láńtíà ni ẹ́, tó bá di pé o ṣèṣe, ó lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín, ni wọ́n máa kà ẹ́ sí, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀, ìgbà tó o bá wá jókòó sídìí stíárìn ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀.

Ti owó ló rọrùn jù. Òfin owó iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n tún ṣe ní 1985 gbà kí fọ́láńtíà tó ń sin ìjọba ìbílẹ̀ gba owó díẹ̀, kí wọ́n sì dá owó epo padà fún un, owó orí call bíi tìẹ yẹn ò sọ ẹ́ di òṣìṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí fún ẹ ni wàhálà máa ń dé. Ìwọ̀n tí Department of Labor, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ń lò ni pé kí gbogbo ẹ̀ má ju ìdá 20 nínú 100 owó tí wọn ì bá san fún ẹni tó fi iṣẹ́ yẹn jẹun. Àmọ́ tí county bá gbà ẹ́ síṣẹ́ EMT lọ́la, o ò lè máa ṣe fọ́láńtíà EMT fún county yẹn kan náà mọ́. Àwọn panápaná Virginia Beach tó ń ṣe fọ́láńtíà ní rescue squad gbé ọ̀rọ̀ owó lọ kóòtù, ní 1999 kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé squad dá dúró, ìlú ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀.

Ti ìfarapa gan-an ni kó o fara balẹ̀ kà. Virginia yìí ni Julian Stanley Wise ti dá rescue squad fọ́láńtíà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà sílẹ̀, ní Roanoke ní 1928, torí pé nígbà tó wà lọ́mọdé ojú ẹ̀ ló ṣe tí ọkùnrin méjì kú sínú odò tí àwọn èèyàn sì dúró ń wò. O máa rò pé irú ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí fọ́láńtíà jìyà. Àmọ́ ohun tí òfin workers' comp ibẹ̀ (owó tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́) sọ ni pé wọ́n á kà ẹ́ sí òṣìṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ county bá ti jókòó, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìpinnu pé ẹ̀yin fọ́láńtíà jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, tàbí kí squad fúnra ẹ̀ yàn láti wọ inú ètò náà. Tí kò bá sí ìwé, kò sí owó.

Mo dá sí ọ̀rọ̀ obìnrin wa kan. Òun àti ẹnì kejì ẹ̀ ń fi àga gbé bàbá kan tó sanra sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ku ìgbésẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n délẹ̀ ni ẹni iwájú yọ̀, gbogbo ìwúwo bàbá yẹn já sí obìnrin náà lápá, ẹ̀yìn ẹ̀ sì gbà á. Nígbà tá a wá rí ìwé ìpinnu county yẹn, panápaná fọ́láńtíà nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò dárúkọ rescue squad rárá. Bẹ́ẹ̀ orúkọ county wà láyà yúnífọ́ọ̀mù tó wọ̀ wá sọ́fíìsì mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Tí ìwé bá tiẹ̀ wà, owó tó kéré jù ni wọ́n máa ń fi ṣírò fún fọ́láńtíà, torí náà bèèrè bóyá squad ní ìnṣọ́ránsì ìjàǹbá lọ́tọ̀.

Ní ti ẹjọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Volunteer Protection Act ti 1997 máa ń bo fọ́láńtíà ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè, tó bá jẹ́ àṣìṣe lásán ni, tí láísẹ́ǹsì ẹ pé, tó ò sì kọjá ohun tí wọ́n kọ́ ẹ. Àìkáràmáásìkí tó burú jáì ò sí lábẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba owó iṣẹ́, tí ohun tí wọ́n fún un dípò owó iṣẹ́ ò sì ju dọ́là 500 lọ lọ́dún, ni òfin yẹn ń pè ní fọ́láńtíà. Dọ́là 10, call 50, ó ti pé nìyẹn, lọ́yà tó bá fẹ́ pè ẹ́ lẹ́jọ́ ò ní gbàgbé ìṣirò yẹn. Òfin yẹn kan náà ò bo ẹni tó fi mọ́tò ṣe èèyàn léṣe. Nídìí stíárìn, ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ squad ló ṣe pàtàkì jù láàárín ẹjọ́ àti ilé yín. Èmi ò ní fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yẹn títí tí wọ́n á fi fi ìwé ìnṣọ́ránsì náà hàn mí, kí n sì rí iye tó wà níbẹ̀.

Tí ẹ̀mí bá lọ (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), owó wà tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ẹbí láti òfin 1976. Tẹ́lẹ̀ kì í kan squad tí kì í ṣe ti ìjọba. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ ámbúláǹsì kan, Dale Long, kú nínú ìjàǹbá ámbúláǹsì ní Vermont ní 2009 ni wọ́n tó rí ihò yẹn, wọ́n sì dí i ní 2013.

Nítorí náà, kó o tó jáde lórí call míì, lọ bá ọ̀gá squad yín, má bínú, má sì tijú, sọ pé o fẹ́ rí ìwé ìpinnu county àti ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀. Tó bá jẹ́ visa akẹ́kọ̀ọ́ lo wà lórí ẹ̀, má gba dọ́là 10 yẹn mọ́ títí tó o fi máa bá lọ́yà immigration sọ̀rọ̀. Tí ìwé county bá ti dé ọwọ́ ẹ, wo ibi tí wọ́n to orúkọ sí, kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o sì pe ọkọ ẹ kó jókòó tì ẹ́.