Sílébù Pé 17, Kí Ló Tún Kù Kí Ó Tó Di Haiku?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láìpẹ́ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ haiku, ewì kúkúrú ti àwọn ará Japan tí sílébù rẹ̀ jẹ́ 17, ní èdè Yorùbá. Mo kọ ọ̀kan báyìí pé:

Òjò dára o,
ó ń múnú ẹni dùn,
ọpẹ́ f'Ọ́lọ́run.

Mo ka sílébù rẹ̀, ó pé márùn-ún, méje àti márùn-ún gẹ́lẹ́, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti ń kọ ọ́ tipẹ́ ní kò tíì di haiku. Kí ni ó kù? (Òǹkàwé yín, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìgbìyànjú. Òǹkà yín pé, kò sì yẹ kí a fojú kékeré wò ó, nítorí èdè Yorùbá bá òǹkà yìí mu ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Shinbun, tí í ṣe ìwé ìròyìn lédè Japan, mẹ́rin ni wọ́n kà á sí, shi-n-bu-n, gẹ́gẹ́ bí ǹ inú òǹkọ̀wé ṣe ń dá dúró lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ ṣáà máa ka ọ̀rọ̀ bí ẹnu ṣe pè é: níbi tí ẹ bá ti pa fáwẹ̀lì kan jẹ, sílébù kan ti lọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yín jàre. Ewì yín sọ fún wa bí inú yín ṣe rí, kò sì fi ohun kankan hàn wá. Ẹ wo haiku tí Matsuo Bashō, akéwì ará Japan, kọ ní ọdún 1686: adágún àtijọ́ kan wà, àkèré bẹ́ sínú rẹ̀, omi dún. Ó parí síbẹ̀. Kò sọ pé ibẹ̀ dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ìró kékeré bẹ́ẹ̀ ti mọ bí ibẹ̀ ṣe pa rọ́rọ́ tó. Lẹ́yìn adágún náà ni ó fi ọ̀rọ̀ kan, ya, sí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kireji, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gé ewì sí méjì, kí ohun méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí àlàyé kankan láàárín wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdánudúró ní ìparí ìlà, tí a fi dáàṣì hàn, lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun kejì ni àsìkò. Kí haiku tó dá dúró, ìbẹ̀rẹ̀ ewì gígùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń kọ nínú àpéjọ ni, hokku ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ó bá sì kọ ọ́ gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba àsìkò ọdún tí wọ́n péjọ. Akéwì ará Japan mìíràn, Masaoka Shiki (1867–1902), ni ó yà á sọ́tọ̀ tí ó sì fún un ní orúkọ haiku, ṣùgbọ́n àṣà àsìkò náà kò parẹ́. Òjò tiyín yìí, òjò wo ni? Ṣé àkọ́rọ̀ ni tàbí àrọ̀kúrò? Ẹ jẹ́ kí a tún un kọ:

Òjò àkọ́rọ̀—
aṣọ ọmọ kan ṣoṣo
kù lórí okùn.

A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ a mọ̀ pé ẹnì kan ti sáré kó aṣọ wọlé. Bóyá ayọ̀ ni ó wà níbẹ̀ tàbí ìbànújẹ́, ẹni tí ó kà á ni yóò sọ. Lójú tèmi, bí ohun tí ẹ rí bá gba sílébù kan tàbí méjì lé e, ẹ fún un. Bashō fúnra rẹ̀ kọ èyí tí ó ju 17 lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dandan ni kí n kọ nípa òdòdó ṣẹ́rì àti yìnyín, nígbà tí n kò rí wọn rí? (Òǹkàwé yín, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Kò pọn dandan rárá. Àwọn ará Japan ní ìwé tí wọ́n ń pè ní saijiki, níbi tí wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ àsìkò jọ: òdòdó ṣẹ́rì àti àkèré jẹ́ ti ìrúwé, òṣùpá jẹ́ ti ìgbà ìwọ́wé. Ẹ ṣe tiyín sínú ìwé kékeré kan: ọyẹ́, olú tí ń hù lẹ́yìn òjò, ikán abìyẹ́ tí ń yí iná po lálẹ́, àgbàdo tuntun. Bashō sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa igi páínì, kí ó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ igi páínì. Nítorí náà, ẹ jáde lọ wò ó, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka sílébù kankan.