Kí ló dé tí kámẹ́rà fóònù ò lè ṣiṣẹ́ James Webb?

Ìbéèrè: Mo kọ kámẹ́rà iwájú fóònù mi sí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, mo tẹ rìmóòtù, mo sì rí iná kan tí ojú lásán ò rí. Wọ́n ní ínfúrárẹ́ẹ̀dì ni. Bí fóònù bá lè rí i, kí ni wọ́n ń fi dítẹ́kítọ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) olówó gọbọi ṣe nínú awò-awọ̀nàjíjìn James Webb, tí wọ́n tún ní ó gbọ́dọ̀ tutù ju yìnyín lọ fíìfíì?

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹ rí. (Kámẹ́rà ẹ̀yìn lè má rí i, torí wọ́n sábà máa ń fi gíláàsì dí ínfúrárẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ kí àwọ̀ fọ́tò má bàa yí.) Ìgbì ìmọ́lẹ̀ rìmóòtù kò ju nǹkan bíi màíkírómítà 0.94 lọ (ẹgbẹ̀rún màíkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan), sílíkọ̀n, ohun tí wọ́n fi ṣe dítẹ́kítọ̀ inú fóònù, sì lè gbà á. Tí ìgbì bá ti gùn kọjá màíkírómítà 1.1, inú sílíkọ̀n ló ń gbà kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀, bí àgbáyé ṣe ń fẹ̀ ti fa ìgbì ìmọ́lẹ̀ gálásì (àkójọ ìràwọ̀ rẹpẹtẹ) tó jìnnà jù lọ gùn kọjá ibẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìdí nìyẹn tí NIRCam, kámẹ́rà kan lórí James Webb, fi ń lo àdàlù mákúrì, kádíọ́mù àti tẹlúríọ́mù. Bí mákúrì bá ṣe pọ̀ sí i nínú rẹ̀ ni ìgbì tó lè gbà ṣe ń gùn sí i. Mẹ́jọ nínú dítẹ́kítọ̀ mẹ́wàá rẹ̀ ń gbà dé màíkírómítà 2.5, méjì yòókù dé 5. Àmọ́ agbára díẹ̀ ló ń tú ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó tú sílẹ̀ yìí ni dítẹ́kítọ̀ sì ń kà sí ìmọ́lẹ̀. Ooru ara rẹ̀ pàápàá lè tú wọn sílẹ̀, yóò sì máa ka ìmọ́lẹ̀ tí kò sí. Òtútù nǹkan bíi −233°C ló ń pa wọ́n mọ́ sójú kan. Ti MIRI, ẹ̀rọ mìíràn lórí James Webb tó ń rí dé màíkírómítà 28, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rọ amúǹkantutù tó ń lo hílíọ́mù ló ń gbé e dé −266°C.

Òtútù nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ní nǹkan bí ọdún 2010, wọ́n rí i pé àwọn dítẹ́kítọ̀ kan ń bàjẹ́ níbi tí wọ́n tọ́jú wọn sí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń lò wọ́n. Dítẹ́kítọ̀ kan ní píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán) tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ìkán índíọ́mù (irin rírọ̀ kan) bíńtín ló sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ sákíìtì abẹ́ rẹ̀. Ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó dá índíọ́mù náà dúró kò dí i tán. Píksẹ́lì tí índíọ́mù náà bá kàn wá ń tàn nínú òkùnkùn biribiri. Wọ́n tún ìpele náà ṣe, wọ́n ṣe dítẹ́kítọ̀ tuntun, wọ́n sì pààrọ̀ wọn kí awò náà tó gbéra lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá, 2021. Lójú tèmi, owó àti àkókò tí wọ́n ná síbẹ̀ tọ́ gan-an: mílíọ̀nù kìlómítà kan àtààbọ̀ ló fi jìnnà sí ayé báyìí, kò sí ẹni tó lè lọ tún un ṣe níbẹ̀.