Owó alágbàṣe tí mo jẹ

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè bóyá lóòótọ́ ni Ìjọ Àgùdà ka owó iṣẹ́ tí a kò san mọ́ ìpànìyàn: bẹ́ẹ̀ ni o. Mo mọ̀ nítorí pé mo ti jẹ ẹ́ rí.

Olórí ẹ̀ṣẹ̀ méje tí a máa ń kà lórí, ìgbéraga, ìlara àti àwọn yòókù, gbòǹgbò nìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ti ń hù. Èyí tí ẹ ń bèèrè ni ẹ̀ṣẹ̀ tó ń ké dé ọ̀run. Ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì ké láti inú ilẹ̀. Igbe Sódómù gòkè. Ísírẹ́lì ké lóko ẹrú Íjíbítì. Àlejò, opó, ọmọ òrukàn ń ké. Alágbàṣe náà ń ké: Deutarónómì 24 ní oòrùn ò gbọdọ̀ wọ̀ kí a tó san owó rẹ̀, Jákọ́bù orí 5 sì ní owó ọ̀hún gan-an ló ń pariwo.

Kọngílá ni mí n'Íléṣà. Ọmọkùnrin Àgàtú kan po kọnkéré fún mi, owó rẹ̀ ku ₦18,000. Onílé ti san tirẹ̀. Èmi fi ra aṣọ òkú bàbá ìyàwó mi, mo ní owó ò tíì wọlé. Èmi ọmọ òṣómàáló! Bàbá bàbá mi a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn ó fi san owó aṣọ rẹ̀. Ọmọ yìí ò lóṣòó. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta, ó kí mi, ó lọ. Kò wá mọ́.

Nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, mo lọ jẹ́wọ́, mo rọra tì í sábẹ́ "irọ́ pípa". Fáda ní, "Irọ́ wo?" Mo bá kà á. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ọ̀ràn ńlá ni? Ṣé ẹnikẹ́ni fipá mú mi? Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó ní àdúrà nìkan ò tó, kí n dá owó padà. Bí n kò bá rí i, kí n wá ẹbí rẹ̀; bí n kò bá rí wọn, kí n fún aláìní, ṣáà má jẹ̀ẹ́ kó kù sọ́wọ́ mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí i, nínú oko kòkó kan lọ́nà Ifẹ̀wàrà. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ ₦500 padà fún mi. Ó ní mo ti fún òun lọ́jọ́ kan láti fi ra gààrí. Èmi ti gbàgbé.